Ìmọ́lẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́, Afẹ́fẹ́ Ń Dí I Lọ́wọ́: Bí Ẹ̀kán Omi Ṣe Ń Di Wóró Jẹ́lì

   

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan tó wà lóde báyìí, èyí tí ọmọ ilé ìwé yóò rí nǹkan mú lọ sílé nínú rẹ̀, tí àgbà tí kò ka kẹ́mísìrì náà kò sì ní tòògbé sí. Ohun tí mo yàn kéré: wóró jẹ́lì tí kò nípọn ju fọ́nrán irun orí kan lọ, tí a fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nínú ẹ̀kán omi. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀, pé ẹni tó bá ti ní iná tó dára ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná kò wọ́n mọ́. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí nínú gbọ̀ngàn yìí ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, òun ló ni iṣẹ́ náà.

Omi tí kò dà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ. Tí ìyá ẹlẹ́kọ bá ro ògì lórí iná tó jiná, tó dì í sínú ewé, tó sì tutù, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú ewé yẹn. Síbẹ̀, ẹ tú ewé, kò dà. Sítáàṣì àgbàdo ti na okùn tín-ín-rín, àwọn okùn náà ti lọ́ mọ́ra wọn di àwọ̀n, omi sì ti há sójú àwọ̀n. Háídírójẹ́lì tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń sọ kò ju èyí náà lọ: àwọ̀n okùn tó gbá omi mú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kókó tó so okùn ẹ̀kọ pọ̀ kò le, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi omi gbígbóná pò ó padà di mímu. Jẹ́lì tí mo ń sọ lónìí, kókó kẹ́míkà ló so ó. Ẹ da omi gbígbóná lé e láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pò.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ irú jẹ́lì bẹ́ẹ̀ di ohun tí ara ènìyàn ń lò ni Otto Wichterle, ará Prague ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Czechoslovakia nígbà náà. Òun àti Drahoslav Lím kọ ìwé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 1960. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ti lé Wichterle kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni ní 1958. Ní ìgbà Kérésìmesì 1961, nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó to ẹ̀rọ kan pọ̀ láti ara irin ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Merkur, ó fi dáyínámò kẹ̀kẹ́ yí i, ohun tó jáde lára ẹ̀rọ ìṣeré yẹn ni lẹ́ńsì rírọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi sójú dípò awò. Nígbà tó di 1971, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo mẹ́nu ba lẹ́ńsì nítorí ohun kan. Iwájú ẹyinjú wa kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ọ́síjìn tirẹ̀. Ẹni tó bá fi jẹ́lì bo ojú, jẹ́lì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá. Nítorí èyí ni àwọn aṣelẹ́ńsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í po sílíkónì mọ́ jẹ́lì ní ìparí àwọn ọdún 1990, nítorí pé ọ́síjìn ń gba inú sílíkónì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílíkónì yìí sọ́kàn. Ohun tó ṣe ojú láǹfààní níbí ni yóò bá wa jà níwájú.

Iná inú ṣọ́ọ̀bù èékánná

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ mọ apá yìí jù mí lọ. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, aṣèékánná kun ọ̀dà gel sí yín lọ́wọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpótí kékeré kan tí iná aláwọ̀ àlùkò ń tàn nínú rẹ̀. Kò pẹ́, ọ̀dà tó ń ṣàn ti di líle. Wọn ò gbé e sóòrùn, wọn ò fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ. Kí ló mú un le?

Inú ọ̀dà yẹn ni àwọn okùn kúkúrú kúkúrú wà, ìran akíríléètì, tí ìdí wọn ní ìkọ́ tó lè mú ẹlòmíràn. Ìkọ́ yìí kì í dá mú ẹnikẹ́ni, ó ń dúró de ẹni tí yóò jí i. Ajíni náà wà nínú ọ̀dà kan náà: kẹ́míkà kan tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, á pín sí méjì. Ẹyà kọ̀ọ̀kan, tí a ń pè ní rádíkà, ara kì í gbà á, ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń dì mọ́. Ó di ìkọ́ kan mú, ìkọ́ yẹn di èkejì mú, èkejì di ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa bá a lọ títí okùn yóò fi gùn, tí yóò fi so mọ́ okùn mìíràn, tí àwọn méjèèjì yóò fi di àwọ̀n. Iṣẹ́ yìí kan náà ni onísègùn eyín ń ṣe tó bá dí ihò eyín yín, tó wá tan iná búlúù sí i.

Nínú láàbù tiwa, ohun tí a sábà máa ń lò ni okùn tí a ń pè ní PEGDA, tó ní ìkọ́ akíríléètì ní orí méjèèjì, tó sì ń yòrò nínú omi. Ajíni tí ọ̀pọ̀ ń lò fún un ni LAP. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Colorado, lára wọn ni Kristi Anseth àti Christopher Bowman, ló fi hàn ní 2009 pé LAP ń yòrò nínú omi dáadáa, pé ìmọ́lẹ̀ 405 nánómítà, tí ojú ń rí, sì tó láti jí i. Ṣáájú ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ 365 nánómítà, tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ni wọ́n gbára lé jù, ìyẹn sì lè pa sẹ́ẹ̀lì lára tó bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà bàrá díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ajíni tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà èékánná ni TPO, ẹbí LAP gan-an ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é nínú ohun ẹ̀ṣọ́ láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe èékánná jẹun, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tí kò tíì gan kan awọ ara yín, nítorí akíríléètì máa ń mú kí awọ àwọn mìíràn yún wọn, kó sì wú. Mo ti yà tán, ẹ jẹ́ ká padà.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú yín wọ ṣọ́ọ̀bù èékánná nìyí. Tẹ́ ẹ bá yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ iná, ẹ fọwọ́ kan èékánná yẹn kí aṣèékánná tó nù ún. Ṣé ẹ rí i pé òkè rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́? Ìsàlẹ̀ ti gan bí òkúta, òkè ṣì ń mú lọ́wọ́. Nígbà náà ni yóò fi òwú tó bọ sípírítì nù ún kúrò, tí èékánná yóò wá dán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dà náà ni kò dára, tàbí pé iná kò tó. Iná tó o. Òkè ló sún mọ́ iná jù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gan. Ohun tó dà á láàmú ni ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Rádíkà tó yẹ kó di ìkọ́ mú, bó bá rí ọ́síjìn nítòsí, ọ́síjìn ló ń dì mọ́, tó bá sì ti dì mọ́ ọn, ọ̀lẹ ti dé bá a nìyẹn, kò ní lè di ohun mìíràn mú mọ́ kíákíá. Ìsàlẹ̀ gan nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀.

Ìpele tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ yẹn ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Ẹ̀kán tó dọ́gba

Ẹ jẹ́ ká padà sórí wóró tí a ń ṣe nínú ẹ̀kán omi. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò fi po òróró mọ́ omi jẹ́lì nínú bùlẹ́ńdà, ká fi iná sí i, ká gba wóró tiwa. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wóró tó ń jáde níbẹ̀ kò báramu, ńlá ńlá ń bẹ, wínníwínní ń bẹ. Ìka ò dọ́gba, Ọlọ́run ló dá wọn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi wóró gbé oògùn sínú ara kò lè gba ìyẹn, torí bí wóró bá ṣe tóbi tó ni oògùn yóò ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn rí bákan náà.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni àwo rọ́bà kékeré kan tí a la ọ̀nà tín-ín-rín sínú rẹ̀. Ní 1998, ẹgbẹ́ George Whitesides ní Harvard ṣàlàyé ọ̀nà tí kò náni lówó púpọ̀ láti ṣe é: wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ya ọ̀nà náà sára ohun kan tó ń gan níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, ìyẹn ni yóò di àwòṣe; wọ́n da sílíkónì tí wọ́n ń pè ní PDMS lé e lórí, wọ́n gbé e sínú ààrò tí kò gbóná jù, wọ́n sì ṣí i kúrò. Ọ̀nà yẹn ti tẹ̀ sí i lábẹ́. Wọ́n lu ihò sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó di iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ yóò rò pé ìparẹ́ ọmọ ilé ìwé ni.

Omi inú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í hùwà bí omi odò. Ní 1883, Osborne Reynolds ní Manchester fi aró sínú omi tó ń gba inú túùbù gíláàsì kọjá. Tí omi bá rọra ń lọ, aró náà á na gbọọrọ láìpín. Tó bá sáré, gbogbo rẹ̀ á rú pọ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe tín-ín-rín tó ni rírú ṣe ń ṣòro tó. Nínú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju fọ́nrán irun lọ, rírú kò sí rárá. Omi méjì lè jọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdàpọ̀, ohun tí a bá sì ṣe lónìí, tí a bá tún un ṣe lọ́la, bákan náà ni yóò rí.

Ní 2001, àwọn olùwádìí kan ní Caltech, Todd Thorsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lára wọn ni Frances Arnold tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí iṣẹ́ mìíràn, jẹ́ kí ọ̀nà omi já sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà òróró. Òróró ń gé omi bó ṣe ń yọjú, gígé kọ̀ọ̀kan di ẹ̀kán kan. Ní 2003, Shelley Anna, Nathalie Bontoux àti Howard Stone tẹ ọ̀nà mìíràn jáde: omi wà láàárín, òróró ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, gbogbo wọn jọ ń kó gba ẹnu kan tó há. Tẹ́ ẹ bá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ óò rí i tí ẹnu omi náà tín-ín-rín, tó ní ọrùn, tí ọrùn náà já, tí ẹ̀kán kan ṣí lọ, kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, òmíràn ti ní ọrùn. A máa ń fi ọṣẹ díẹ̀ sínú òróró kí ẹ̀kán méjì má baà pàdé kí wọ́n dàpọ̀. Sílíkónì fúnra rẹ̀ kò fẹ́ omi, òróró ló ń fà mọ́ra, èyí ló ń jẹ́ kí òróró yí ẹ̀kán ká.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mú bírò. Ká ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 50 máíkírómítà, mìlímítà kan pín sí ogún nìyẹn. Mìlílítà omi kan ṣoṣo yóò fún wa ní ẹ̀kán tó lé ní mílíọ̀nù 15. Bí ẹ̀rọ bá ń já 1,000 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ kí mìlílítà yẹn tó tán. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mìlílítà kan kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀kán inú rẹ̀ pọ̀.

Ibi tí ìjà ti wà

Nísinsìnyí, ẹ̀kán wa ti dọ́gba, PEGDA àti LAP wà nínú rẹ̀, iná wà níwájú. Ẹ̀kán kọjá lábẹ́ iná, ó ti òdìkejì jáde. Omi ló jáde. Kò gan rárá. Tàbí àárín rẹ̀ nìkan ló gan, tí ẹ̀bá rẹ̀ ṣì jẹ́ omi, ó wá ku wóró kan tó kéré sí ẹ̀kán tí a fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá da omi kan náà yẹn sínú ife, tẹ́ ẹ tan iná kan náà sí i, yóò gan níṣojú yín.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìtóbi ni. Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Ọ́síjìn máa ń rìn nínú omi fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ro ó, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ní òfin: tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti ẹ̀bá ẹ̀kán tó fẹ̀ tó mìlímítà kan dé àárín rẹ̀, ọ́síjìn nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀kán tiwa kéré sí ìyẹn ní ìlọ́po 20. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ 400. Nítorí náà, ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún ọ́síjìn láti dé àárín ẹ̀kán tiwa. Ọ́síjìn tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí mìlígíráàmù mẹ́jọ ni lítà omi kan ń gbà mọ́ra ní ìwọ̀n ooru yàrá. Nínú ife, rádíkà máa ń jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì kọjú sí iṣẹ́. Nínú ẹ̀kán kékeré, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni òmíràn ń wọlé. Bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó jò ni.

Níbo ni ó ti ń wọlé? Inú òróró ni. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀kán fẹ́ràn òróró onífulórínì, torí kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀kán yòrò jáde, kì í sì í ba rọ́bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òróró yẹn jẹ́. Ní 1966, Leland Clark àti Frank Gollan ní Amẹ́ríkà fi ọ́síjìn kún omi onífulórínì, wọ́n ri eku láàyè sínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, imú, ẹnu, gbogbo ara. Eku náà kò kú. Ó ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí omi yẹn bí ẹní ń mí afẹ́fẹ́. Ẹbí omi tí eku lè mí ni a wá fi yí ẹ̀kán wa ká! Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ rántí sílíkónì tó ń jẹ́ kí ojú mí. Òun ni a fi ṣe ògiri ọ̀nà wa. Òróró kún fún ọ́síjìn, ògiri ń gba ọ́síjìn wọlé láti ìta, a wá ń bú iná pé kò lágbára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n fi kún iná, tàbí kí wọ́n fi kún ajíni. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwà agídí ni. Tí sẹ́ẹ̀lì alààyè bá wà nínú ẹ̀kán, iná tó pọ̀ àti rádíkà tó pọ̀ yóò pa á lára, ọ́síjìn tí rádíkà ti gbá mú pàápàá máa ń di májèlé fún sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ti fẹ́ wo ọmọ sàn, ẹ ti pa á.

Ọgbọ́n tí mo yìn jù ni ti ẹgbẹ́ John Oakey ní Yunifásítì Wyoming, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016. Wọn ò dá iná lẹ́bi. Wọ́n la ọ̀nà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀kán, wọ́n ń tú náítírójìn gba ibẹ̀, náítírójìn kan náà tí àwọn fọkanáísà kan ń fẹ́ sí táyà. Níwọ̀n bí sílíkónì ti ń jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá, kò mọ èyí tó ń wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde. Ọ́síjìn inú ẹ̀kán àti ti inú òróró ń gba ògiri jáde, náítírójìn ń gbá a lọ. Ìgbà tí ẹ̀kán yóò fi dé abẹ́ iná, ọ́síjìn ti dín kù gan-an, ó sì gan odindi. Ilẹ̀kùn tí olè gbà wọlé náà ni wọ́n gbà lé e jáde.

Àwọn mìíràn sì sọ ọ̀tá yìí di ọ̀rẹ́. Ní 2006, Patrick Doyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT kò lo ẹ̀kán rárá. Wọ́n jẹ́ kí omi jẹ́lì máa ṣàn lọ, wọ́n wá gba inú máíkírósíkóòpù tan ìmọ́lẹ̀ tó ní àwòrán sí i, bí onígun mẹ́ta tàbí bí òrùka, wóró sì ń gan pẹ̀lú àwòrán yẹn. Kí ló dé tí wóró náà kò fi lẹ̀ mọ́ ògiri, kó dí ọ̀nà? Ọ́síjìn tó gba inú sílíkónì wọlé kò jẹ́ kí ẹ̀bá ògiri gan. Fẹ́ẹ́rẹ́ omi kan kù láàárín wóró àti ògiri, wóró ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ìpele tí aṣèékánná ń nù dànù, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀rá tí wóró ń gùn lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń kọ àmì sára wóró bẹ́ẹ̀, àmì tó yàtọ̀ síra tó lé ní mílíọ̀nù kan, kí wọ́n lè fi dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kẹta wà: kí a pa akíríléètì tì, ká lo okùn tí ìkọ́ tirẹ̀ kò ka ọ́síjìn sí tó bẹ́ẹ̀, irú èyí tí sọ́fọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ń gan dáadáa láìsí náítírójìn. Òórùn rẹ̀ nìkan ni kò dára.

Ohun tí wọ́n ń fi wóró ṣe

Mo mọ̀ pé ìyá ọlọ́jà kan ti ń rò ó nínú pé, kí ni a ó wá fi èyí rà lọ́jà? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Ní 1980, Franklin Lim àti Anthony Sun fi jẹ́lì tí wọ́n rí láti ara koríko òkun di sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì, wọ́n fi sínú eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku náà padà bọ̀ sípò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọ̀n jẹ́lì yẹn jẹ́ kí ínsúlíìnì jáde, kò jẹ́ kí àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé wá pa sẹ́ẹ̀lì àlejò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wóró yóò fi dọ́gba, tí yóò sì kéré tó kí sẹ́ẹ̀lì àárín rẹ̀ lè rí ọ́síjìn mí. Ẹ tún rí ọ́síjìn níbẹ̀: a ń lé e jáde ká tó lè ṣe wóró, tí a bá ṣe é tán, a ó tún máa bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní UCLA fi síríńjì da wóró jẹ́lì sójú egbò awọ ara eku, wọ́n jẹ́ kí wọ́n so mọ́ra wọn níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wóró kan àti èkejì ni sẹ́ẹ̀lì ń gbà rìn wọlé, egbò náà sì jinná kíá ju èyí tí wọ́n fi jẹ́lì odindi dí lọ. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi mú jẹ́lì tiwọn gan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹ̀kán kan náà ló ṣe é.

Èyí tó kàn wá jù nílẹ̀ wa nìyí. Ní 2015 kan náà, àwọn ará Harvard fi hàn pé a lè fi wóró jẹ́lì kan àti sẹ́ẹ̀lì kan sínú ẹ̀kán kan, kí wóró náà ní àmì tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti gbogbo wóró yòókù. Tí wọ́n bá tan iná UV sí i, àmì náà á já kúrò lára wóró, á lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tí àwọn jíìnì sẹ́ẹ̀lì yẹn ń rán. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè da gbogbo ẹ̀kán pọ̀, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì mọ sẹ́ẹ̀lì tó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ àkójọ tí wọ́n ń pè ní Malaria Cell Atlas jáde ní 2019, ẹ̀rọ tó ń lo wóró jẹ́lì nínú ẹ̀kán ni wọ́n fi ṣe apá kan rẹ̀, láti mọ ohun tí kòkòrò ibà ń ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí tí kòkòrò yẹn kò tíì bá jà rí.

Ní ti ilé tiwa, àwọn kan máa ń sọ pé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwa, pé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Lára rẹ̀ wọ́n lóòótọ́: máíkírósíkóòpù tó ní kámẹ́rà tó yára, àti ẹ̀rọ tó ń rọra ti síríńjì láìgbọ̀n. Iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ náà kò jẹ́ kí ẹ̀kán dọ́gba, torí tí ẹ̀rọ síríńjì bá dá dúró tó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ìṣàn tó padà sípò. Kí báttìrì ínfátà wà lára ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ yóò lọ. Iná tí a fi ń jí LAP kò wọ́n ju iná ṣọ́ọ̀bù èékánná lọ. Sílíńdà náítírójìn ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta gáàsì. Ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, tó sọ fún wa ìdí tí ẹ̀kán kékeré kò fi gan, bírò lásán ni a fi ṣe é, àárín ìjókòó yìí náà sì ni a ti ṣe é.

   Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ní ìbéèrè, ẹ na ọwọ́ sókè.